Àmọ̀kẹ́ Rewáyà àti Kámẹ́rà Ọkọ̀ Ìyá Kíkẹ́

Bí iná ọkọ̀ bá kú ní Ìsẹ́yìn, tí wọ́n sì júwe ṣọ́ọ̀bù Àmọ̀kẹ́ fún ẹni tó ni ọkọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí onítọ̀hún máa ń bi í ni pé ọ̀gá rẹ̀ dà. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti ń bi í. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, ó máa ń ṣàlàyé pé òun gan-an ni ọ̀gá. Nígbà tó yá, ó kàn máa ń na ọwọ́ sí àga pé kí wọ́n jókòó, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn kan á jókòó. Àwọn mìíràn á ní àwọn ń bọ̀, wọn kò sì ní í padà wá mọ́.

Ẹni tó bá mọ ìdílé rẹ̀ kò ní í yà á lẹ́nu pé ó mọ wáyà í tò. Ahunṣọ ni Ràmọ́nì, bàbá rẹ̀. Kí Àmọ̀kẹ́ tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti mọ bí a ṣe ń ta òwú gígùn láti ìpẹ̀kun àgbàlá kan dé ìkejì láìjẹ́ kó lọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, iná ọkọ̀ akẹ́rù kan kú níwájú ilé wọn. Rewáyà kan wá, ó fi ẹnu wáyà kan ibì kan ṣoṣo, gbogbo iná ọkọ̀ náà tàn, ọmọ yìí sì ní iṣẹ́ tí òun fẹ́ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ bínú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó wá mú un lọ sọ́dọ̀ Jẹ́ẹ́dé ní Ṣakí, rewáyà àgbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ọdún márùn-ún ló lò níbẹ̀. Jẹ́ẹ́dé kò fi ọ̀rọ̀ pé obìnrin ni kẹ́ ẹ, kò sì fi bú u rí.

Kí n sọ òtítọ́ nípa obìnrin yìí: kò sí ohun tó wù ú láyé ju kí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ yan òun lọ. Kì í ṣe kí wọ́n ṣàánú òun, kì í ṣe torí pé ṣọ́ọ̀bù àwọn ọkùnrin kún. Ó fẹ́ kí ẹnì kan gbé iṣẹ́ tó le dé, kó ní ọwọ́ Àmọ̀kẹ́ lòun fẹ́. Ẹni tí irú ebi bẹ́ẹ̀ bá ń pa, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kì í bèèrè ohun tí wọ́n fi se ọbẹ̀.

Alhaji Mọ́nsúrù ló gbé oúnjẹ náà wá. Ìbàdàn ló ti ń ta sólà, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wálé. Sólà bo òrùlé ilé rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó sì ra ọkọ̀ oníná fún ìyàwó rẹ̀, èyí tí kì í mu bẹntiróòlù rárá, tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ara ògiri kó lè gba iná bíi fóònù. Gbogbo àdúgbò ló ti lọ wò ó. Alhaji wọ ṣọ́ọ̀bù Àmọ̀kẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, kò bèèrè ọ̀gá kankan. Ó ní òun ra kámẹ́rà méjì, ọ̀kan fún gíláàsì iwájú, ọ̀kan fún ti ẹ̀yìn, tí yóò máa ká gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà sílẹ̀. Bí ọlọ́kadà bá rọ́ lu ìyàwó òun tó sì yí ọ̀rọ̀ dà, kámẹ́rà yóò jẹ́rìí. Ó ní ọ̀nà Òkè-Ògùn kò dáa mọ́ fún obìnrin tó ń dá rìn.

"Ìyá Sodiqat, ẹ̀yin ni mò ń wá," ni Alhaji wí, ó fi orúkọ ọmọ Àmọ̀kẹ́ pè é. "Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn."

Ó fi kún un pé ẹlẹ́hàá ni ìyàwó òun, ọkùnrin àjèjì kì í sì í wọ àgbàlá òun bí òun kò bá sí nílé. Àmọ̀kẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn ló dúró sí i létí. Ẹ má sì rò pé ẹlẹ́hàá kì í wakọ̀ o. Wọ́n pọ̀ tó ń wakọ̀ nísinsìnyí, ẹni tó bá yà lẹ́nu ni kò tíì máa jáde nílé.

Àmọ̀kẹ́ kò fọwọ́ kan ọkọ̀ oníná rí. Ó pe Jẹ́ẹ́dé ní Ṣakí lórí fóònù. Bàbá náà ní òun pàápàá kò fọwọ́ kan án rí, ṣùgbọ́n òun ti bèèrè nípa rẹ̀. Bátìrì ńlá kan wà lábẹ́ ọkọ̀ náà tó lè pa ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wáyà tó ní àwọ̀ ọsàn ló ń jáde lára rẹ̀, kó má ṣe sún mọ́ ọn. Bátìrì kékeré kan tún wà bíi ti ọkọ̀ gbogbo, èyí tó ń tan iná tó sì ń ṣí ilẹ̀kùn. Níbi fíúsì ti kékeré yìí ni kó ti mú iná kámẹ́rà. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta pé kó má ṣe sún mọ́ ti ńlá náà o.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ àgbàlá Alhaji. Màríámù, ìyàwó náà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kíkẹ́, jáde sí i pẹ̀lú ìbòjú. Ó wo ẹnu ọ̀nà, nígbà tó rí i pé kò sí ọkùnrin lẹ́yìn Àmọ̀kẹ́, ó ká ìbòjú náà sókè. Ó lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, ẹ̀rín sì yá a lẹ́nu. Ó gbé àpótí jókòó ti ọkọ̀, ó ń na irinṣẹ́ sí Àmọ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bèèrè orúkọ gbogbo nǹkan tó rí.

Iṣẹ́ náà gba ọjọ́ kan gbáko. Àmọ̀kẹ́ lẹ kámẹ́rà iwájú mọ́ gíláàsì, lẹ́yìn dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn, kí ó má baà dí i lójú. Ó há wáyà rẹ̀ mọ́ etí sílìn ọkọ̀, ó sì fà á gba inú òpó ilẹ̀kùn sọ̀kalẹ̀ síbi fíúsì. Ti ẹ̀yìn ló le. Wáyà yẹn ní láti gba abẹ́ sílìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, kó wá gba inú rọ́bà tín-ínrín kan wọ ilẹ̀kùn búùtù, torí bí wọ́n bá fi í sóde, ọjọ́ tí wọ́n bá pa ilẹ̀kùn náà dé ni yóò gé e. Rọ́bà náà kò gbà. Àmọ̀kẹ́ fi ọṣẹ pa wáyà lára, ó so òwú mọ́ ọn lórí, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí tó fi yọ ní òdìkejì. Màríámù pàtẹ́wọ́. Ó ní bí ìyá òun náà ṣe máa ń fi ọṣẹ àti òwú yọ òrùka tó bá há síni níka nìyẹn. Bó ti dárúkọ ìyá rẹ̀ tán, ojú rẹ̀ yí padà.

Ohun méjì ni Àmọ̀kẹ́ rí lọ́jọ́ náà tí kò sọ fún un. Kámẹ́rà iwájú ní ojú kékeré kejì lẹ́yìn, tó kọjú sí inú ọkọ̀. Síìmù fóònù sì wà nínú rẹ̀. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe Alhaji. Alhaji ní bí olè bá gbé ọkọ̀ lọ, ojú kékeré yẹn ni yóò fi olè náà han òun ní Ìbàdàn, nítorí náà kó so ó kí kámẹ́rà náà má ṣe sùn rárá, kódà bí ọkọ̀ bá wà nílé. Àmọ̀kẹ́ ní bátìrì kékeré lè tán. Alhaji ní kó ṣáà ṣe bí òun ṣe wí, ó sì yìn ín pé òun kò rí oníṣẹ́ tó ń ro iwájú ro ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ rí. Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu. Ìyìn náà sì dùn.

Nígbà tó ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, Màríámù bi í pé kí ni àwọn kámẹ́rà náà ń wò.

"Ọ̀nà ni," ni Àmọ̀kẹ́ wí. "Ọ̀nà iwájú àti ọ̀nà ẹ̀yìn."

Kò rò ó sí irọ́. Ó rò pé kò yẹ kí òun fi ọ̀rọ̀ olè dẹ́rù ba obìnrin tó ń dá gbé pẹ̀lú ọmọ kékeré. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí síwá gbé e sẹ́yìn, n kò rí ọ̀nà tí mo lè gbà gbè é lẹ́yìn. Ó mọ odindi, ó sọ ìdajì fún ẹni tó jókòó tì í látàárọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ náà kọ̀, kò jí. Bátìrì kékeré ti tán gẹ́gẹ́ bí Àmọ̀kẹ́ ṣe wí. Ọjọ́ Alàmísì ni. Màríámù pè é, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n ju bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lásán ṣe yẹ kó gbọ̀n lọ. Àmọ̀kẹ́ gbé bátìrì mìíràn wá, ó fi jí i. Màríámù ní ọ̀nà òun jìn díẹ̀, ẹ̀rù ń ba òun kó má tún kú sójú ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ìyá Sodiqat lè bá òun lọ. Àmọ̀kẹ́ rò pé Ilua ni wọ́n ń lọ, torí ohun tí Màríámù máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀ àti aládùúgbò nìyẹn, pé Ilua lòun ti ń ra èlùbọ́. Ọ̀nà Otu ló yà sí.

Ìgbà tí wọ́n kọjá Ìpàpó ni Màríámù tó là á yé e. Ìyá rẹ̀ wà ní Otu, àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti mú un láti ọdún tó kọjá. Alhaji àti ìyá náà ti jà ṣáájú ìgbà náà. Nígbà tí bàbá Màríámù kú, Alhaji kò yọjú títí wọ́n fi sin òkú, ìgbà fídáù ọjọ́ kẹjọ ló dé. Ìyá náà sọ lójú gbogbo ènìyàn pé àna tí kò bá àwọn gbé òkú kò gbọdọ̀ bá àwọn jẹ sàráà. Ọ̀rọ̀ náà wọ Alhaji lára. Ó búra pé ọjọ́ tí Màríámù bá tún tẹ Otu, kó má wulẹ̀ padà sílé òun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí àìsàn ti dá ìyá náà gúnlẹ̀, gbogbo Alàmísì ni Màríámù ń lọ, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà di egbò.

"Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan, Ìyá Sodiqat, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ilẹ̀ ó ti mọ́ bá mi," ni Màríámù wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ èyí lẹ́nu mi rí."

Àmọ̀kẹ́ ní ọ̀rọ̀ náà kò ní í gba ẹnu òun jáde. Kò sì gba ẹnu rẹ̀ jáde títí di òní.

Obìnrin gíga ni ìyá náà, ó sì lára. Àyọ̀ká, aládùúgbò rẹ̀ kan tóun náà ti darúgbó, ló ń fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n kò lágbára àtigbé e. Màríámù nìkan ló ti ń wọ́ ọ láti ọdún náà wá. Àmọ̀kẹ́, tí apá rẹ̀ ti ń gbé bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù láti ogún ọdún, sún un mọ́ àyà, ó gbé e dé balùwẹ̀ láìsinmi. Ìyá náà, tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́ díẹ̀, bi í pé irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ó ní rewáyà ni òun. Ìyá náà ní kó yáa tún òun ṣe, nítorí iná ti lọ lápá kan ara òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi bọ́ sí wọn lójú.

Alàmísì mẹ́ta ni wọ́n jọ lọ. Àmọ̀kẹ́ á ti ṣọ́ọ̀bù, wọn á máa sọ̀rọ̀ lọ, wọn á máa sọ̀rọ̀ bọ̀. Ọkọ̀ oníná kì í pariwo, kò sí ohun tó ń bo ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Kí n tó gbàgbé, Àmọ̀kẹ́ kì í ṣe ẹni tó ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Àwọn obìnrin kò mọ ohun tí wọn yóò bá a sọ, àwọn ọkùnrin kò sì fẹ́ bá a sọ ọ́. Inú rẹ̀ dùn ní ọjọ́ mẹ́ta wọ̀nyí.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀kadà gbé Màríámù dé ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró níta nínú ìbòjú rẹ̀, kò jókòó. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó ní Alhaji dé lánàá, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó sì tún ọ̀rọ̀ tí òun sọ lẹ́yìn Ìpàpó sọ fún òun láìfi ẹyọ kan sílẹ̀, pé ọ̀dọ̀ ìyá òun ni ilẹ̀ ó ti mọ́ bá òun. Alhaji ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí òun máa lọ síbi tí ilẹ̀ ti ń mọ́, ṣùgbọ́n Kíkẹ́ kò ní í bá òun lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Kíkẹ́.

"Àwa méjì la wà nínú ọkọ̀," ni Màríámù wí. "Èmi ò sì sọ fún un."

Àmọ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í búra. Ó fi Ọlọ́run búra, ó fi Sodiqat ọmọ rẹ̀ búra, ẹnu ìbúra náà ló wà tó fi rántí. Ojú kékeré yẹn. Síìmù. Kámẹ́rà tí kò gbọdọ̀ sùn. Ó di ara ilẹ̀kùn mú. Ó ní kò gba ẹnu òun jáde, ara kámẹ́rà tí òun lẹ̀ mọ́ gíláàsì ló gbà, pé ojú kan ń wo inú, ó sì ń gbọ́rọ̀, Alhaji sọ fún òun pé torí olè ni.

"Mo bi yín," ni Màríámù wí. "Mo jókòó tì yín, mo ní kí ló ń wò, ẹ ní ọ̀nà ni. Ká ní ẹnu lẹ fi sọ ọ́, ǹ bá ní ẹnu ló yọ̀ yín."

Ó gun ọ̀kadà rẹ̀ padà.

Àmọ̀kẹ́ kò ti ṣọ́ọ̀bù tó fi kọrí sílé Alhaji. Alhaji gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi wá fún un. Nígbà tí Àmọ̀kẹ́ bi í nípa ojú kékeré náà, kò sẹ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fura, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá ń fi Ilua bo Otu mọ́lẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Ká má fọwọ́ bo òtítọ́, irọ́ ni Màríámù pa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ní kí ọmọ má wẹ ìyá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀, òun ló kọ́ ọ ní irọ́ náà, n kò sì ní í bá a fi ọ̀rọ̀ bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Àmọ̀kẹ́ ní òun fẹ́ mọ ohun kan ṣoṣo. Kí ló dé tó fi jẹ́ òun?

"Bó bá jẹ́ ọkùnrin ló so ó, á máa fura sí i," ni Alhaji wí. "Mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ obìnrin, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á máa sọ̀rọ̀. Ẹ sì ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Mo ti fún àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ní nọ́ńbà yín, àwọn náà fẹ́ ẹ sí ọkọ̀ ìyàwó wọn."

Ó dun Àmọ̀kẹ́. Ó dùn ún ju gbogbo ohun tí ọkùnrin ti ṣe sí i nínú iṣẹ́ yìí lọ. Àwọn tó kọ̀ ọ́ nítorí pé obìnrin ni, wọ́n kọ̀ ọ́ lójú ara rẹ̀, kò sí ẹni tó tàn án nínú wọn. Eléyìí yàn án nítorí pé obìnrin ni, ó sì jẹ́ kó máa rò pé ọwọ́ òun ló yàn. Ohun tó wù ú jù láyé ni ó fi mú un, ó sì fi í mú ẹlòmíràn. Ó ní kí Alhaji fún òun ní kọ́kọ́rọ́ kí òun lọ yọ ọ́. Alhaji ní ọkọ̀ òun ni, kámẹ́rà òun ni, kó mu omi. Kò mu ún. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì pè é kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó sì sọ fún wọn pé òun kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Alàmísì dé, ó wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Otu. Kò sí ẹni tó rán an. Ó mú ọṣẹ, kànìnkànìn àti aṣọ ìnura dání. Ó mọ̀ pé Màríámù kò lè fi Kíkẹ́ sílẹ̀ kó máa lọ sí Otu mọ́, ó mọ̀ pé Àyọ̀ká kò lè gbé ìyá náà, ó sì ka ọjọ́ tí omi ti kàn án lára gbẹ̀yìn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà pé bí òun kò bá tilẹ̀ rí ojú ọmọ bẹ̀, òun ṣì lè gbé ìyá.

Àyọ̀ká pàdé rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì yẹ̀ fún un. Ó kí i dáadáa, ó bèèrè àlááfíà ilé. Lẹ́yìn náà ó wolẹ̀.

"Ìyá Kíkẹ́ pè mí lánàá," ni Àyọ̀ká wí. "Ó ní bí ẹ bá wá, kí n má jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ìyá òun."

Àmọ̀kẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò ní í sọ ọ̀rọ̀ kankan, òun kàn fẹ́ wẹ̀ wọ́n ni, òun á sì lọ; àbí ta ni yóò wẹ̀ wọ́n? Àyọ̀ká ní òun kò mọ ẹni tí yóò wẹ̀ wọ́n. Òórùn yàrá náà ti ń jáde gba ojú fèrèsé, Àyọ̀ká mọ̀ pé Àmọ̀kẹ́ ń gbọ́ ọ, omi sì lé sí i lójú, ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ọmọ ló ni ìyá rẹ̀.

Láti inú ilé, ohùn tó wọ́ díẹ̀ yẹn bèèrè ẹni tó wà níta.

"Kò sí ẹnì kankan," ni Àyọ̀ká dáhùn.

Àmọ̀kẹ́ dúró pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó ń gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń gbìyànjú láti dá ara rẹ̀ yí padà lórí ẹní, tí kò sì lè yí i.